Ọjọ́ méjì lẹ́yìn Istanbul: ibo ni kí n mú ìyá mi lọ?

Àdùkẹ́Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ìyá mi ń lọ sí Istanbul lóṣù kẹwàá, ọjọ́ méjì sì wà tí a lè fi jáde nígboro. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ ibi tí èrò ti ń tira wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ló ní ìtàn, tí ẹsẹ̀ àgbà sì lè rìn?

BàbáTáyé: Àdùkẹ́, mú màmá lọ sí İznik. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Bursa ló wà, létí adágún ńlá kan, níhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Òun ni Nicaea àtijọ́. Ibẹ̀ ni Késárì Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí lọ́dún 325, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò Ìgbàgbọ́ Nicaea tí màmá ń kà nígbà Ara Olúwa wà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Yenikapı ní Istanbul dé Yalova, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì gba Orhangazi.

ÌyáÌbejì: Òótọ́ ni Bàbá Táyé sọ. Ọmọ mi, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní dá màmá lágara. Odi tó yí ìlú náà ká gùn tó kìlómítà márùn-ún, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ yí i tán. Ẹ lọ sí ẹnubodè Istanbul, kí ẹ gbójú sókè: orí òkúta méjì ń wo yín látara ògiri, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ilé eré àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti yọ wọ́n wá síbẹ̀. Odi yìí rí nǹkan! Lọ́dún 1097, àwọn ajagun Krístẹ́nì dó tì í títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn Seljuk, ìyẹn àwọn Tọ́kì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí irú àwọn ajagun bẹ́ẹ̀ kó Constantinople, Istanbul òní, lọ́dún 1204, ìdílé Laskaris, àwọn ọlọ́lá Gíríkì, sá wá sí Nicaea, wọ́n sì ń jọba níbẹ̀ títí di 1261. Orhan ọmọ Osman, olórí àwọn Tọ́kì Ottoman, ló gbà á lọ́dún 1331.

Amọ̀kòkò: Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò dárúkọ táìlì! Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ mọ́sálásí Rüstem Paşa ní Istanbul. İznik ni wọ́n ti sun táìlì tó wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ wo pupa rẹ̀ dáadáa, ó ga díẹ̀ ju àwọn àwọ̀ yòókù lọ, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ sára awọ. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni iṣẹ́ náà dé góńgó. Nígbà tó fi di ìparí èyí tó tẹ̀ lé e, iná ààrò ti kú. Wọ́n ti tún dáná rẹ̀ lóde òní, ẹ ó sì rí àwọn tó ń fi gègé kíkùn yàwòrán òdòdó sí i.

BàbáTáyé: Ẹ má gbàgbé Ayasofya tó wà láàárín ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ṣe ìpàdé Nicaea kejì lọ́dún 787 lórí ọ̀rọ̀ bíbọ̀wọ̀ fún àwòrán mímọ́. Mọ́sálásí ni báyìí: ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wé gèlè. Ilé ìjọsìn kan tún wà nínú adágún tí wọ́n ti ojú òfuurufú rí lọ́dún 2014. Omi ti fà sẹ́yìn, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti hàn síta. Póòpù Leo gbàdúrà níbẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2025.

ÌyáÌbejì: Ẹja yayın, ẹbí àrọ̀ wa, ni kí ẹ jẹ létí omi. Ẹ sùn ọjọ́ kan.

Àdùkẹ́Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n yọ ìwé àdúrà àwọn jáde nínú àpótí, àwọn máa ka Ìgbàgbọ́ náà létí adágún.