Pápákọ̀ òfurufú tí mo fẹsẹ̀ rìn já: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ bí ìrìn wa sí Tempelhof, pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní ìlú Berlin, ṣe lọ. Ẹ forí jì mí pé ó pẹ́. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn nínú pápákọ̀ òfurufú tí kíkọ́ rẹ̀ yà á lẹ́nu, kó bá wa fi tirẹ̀ kún un.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́, òun náà ni mo sì ń jẹ títí dòní. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wo aṣọ lára èèyàn ni èmi ń wo ilé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la jọ lọ. Bàálù kankan kì í gbéra níbẹ̀ mọ́. 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n ti pápákọ̀ náà pa. Ṣùgbọ́n ilé ṣì wà níbẹ̀ digbí, wọ́n sì ń mú àlejò rìn yí inú rẹ̀ ká fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ní èdè Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì.

Ká tó débẹ̀ rárá la ti ṣìnà. A sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Paradestraße, èmi rò pé ibi tí a bá ti bọ́ sílẹ̀ létí pápá náà, a ti débẹ̀ nìyẹn. Platz der Luftbrücke, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ló yẹ ká dúró dè. La bá fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tí a wá kan ògiri ilé náà, ó ń bá wa lọ, kò tán. Ọmọ mi ń ka fèrèsé. Nígbà tó kà á dé igba, ó ní ó ti sú òun. Ilé yẹn gùn ju 1.2 kìlómítà lọ, ó sì tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà.

Ọkùnrin tó mú wa kiri ti hewú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá rìn, torí wíwá ẹni tó bá sọnù nínú ilé yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Jálẹ̀ ìrìn náà, tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti wọlé tán, á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó tó ṣí tiwájú. Ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà létí mi.

Ìta ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ibi tí àwọn ọmọ ogun Prussia, ìjọba àtijọ́ kan nílẹ̀ Jámánì, ti ń yan ni pápá náà tẹ́lẹ̀. Orville Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó ṣe bàálù, wá fi bàálù rẹ̀ han àwọn ará Berlin níbẹ̀ lọ́dún 1909. Ní 1923 ó di pápákọ̀ òfurufú. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, ìjọba Násì, ìyẹn ti Hitler, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ernst Sagebiel ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà dìde ní 1936.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ mi ti wà lára ògiri. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi bò ó. Tí èèyàn bá sún mọ́ ọn dáadáa, á rí ìkarahun wẹ́wẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun àtijọ́ tó ti di òkúta nínú rẹ̀. Ọmọ mi rí ọ̀kan tí kò ju èékánná rẹ̀ lọ. Kọnkéré àti irin ló wà lẹ́yìn òkúta yẹn. Òkúta náà kò gbé ẹrù kankan. Aṣọ ni wọ́n fi wọ ilé, kó lè dà bí ohun tó ti wà láti ayébáyé. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ kí ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ lè mọ̀ pé òun kéré, ara mi sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn èrò ti ń fi ẹrù sílẹ̀, káńtà ṣì wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí àpótí ti ń yí bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, gbogbo wa kàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni gbọ̀ngàn àbáwọlé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ó ga fíofío. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n na àjà kan sí i láàárín, apá òkè rẹ̀ sì pamọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èrò ń kọjá nísàlẹ̀ lọ wọ bàálù tí wọn kò mọ̀ pé gbọ̀ngàn mìíràn wà lórí wọn. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yìí kan náà ló sọ iyàrá ńlá kan lókè di pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Berlin Braves ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ilé tí wọ́n kọ́ láti fi dẹ́rù bani, àwọn géńdé wá ń sá kiri nínú rẹ̀, wọ́n ń làágùn.

Nígbà tí a wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹsẹ̀ mi dúró. Òrùlé kan nà jáde lára ilé náà tó nǹkan bí 40 mítà, òpó kankan kò sì sí níwájú tó gbé e ró. Bàálù á yí wá sábẹ́ rẹ̀, èrò á sọ̀kalẹ̀, òjò ò ní kán sí wọn lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ rò ó wò. A kì í yọ dẹ́kìn kékeré lójú fèrèsé ká má ronú ohun tí yóò dì í mú lẹ́yìn. Mélòó-mélòó 40 mítà! Mo wo àwọn irin náà títí tí àwọn yòókù fi ṣíwájú, ọkùnrin yẹn sì ní láti padà wá pè mí. Wọ́n tiẹ̀ ní i lọ́kàn pé kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa jókòó sórí òrùlé yẹn wo bàálù tó ń dárà lójú sánmà, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé àtẹ̀gùn gogoro fi tò lára ilé náà. Ogun dé, iṣẹ́ dúró. Wọn kò parí rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà la wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Otútù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè. Àwọn iyàrá tí wọ́n ń sá sí nígbà tí bọ́ǹbù bá ń já bọ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán apanilẹ́rìn-ín sára ògiri wọn, àwọn àwòrán Wilhelm Busch, ẹni tí gbogbo ọmọ Jámánì mọ ìtàn rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ mi béèrè bóyá iná máa ń wà nígbà náà. Ọkùnrin yẹn wo ojú mi, mo mi orí sí i, ó sì pa iná. Òkùnkùn biribiri. Ọmọ mi fún mi lọ́wọ́ pinpin. Nígbà tí iná padà, àwòrán yẹn la kọ́kọ́ rí, ó ń wò wá láti ara ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Iyàrá mìíràn tún wà tí wọ́n kó fíìmù pa mọ́ sí. Ó jóná ní 1945, ògiri rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò di òní.

Ọkùnrin wa kò fo ibi tó korò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ogun, àwọn tí wọ́n fipá kó wá láti ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń to bàálù ogun pọ̀ níbẹ̀, inú àgọ́ onípákó létí pápá ni wọ́n sì ń sùn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀, Columbia-Haus, tí àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ agbófinró àwọn Násì, ti ń fìyà jẹ èèyàn. Ẹni tó bá wo òkúta tó mọ́ yẹn tí kò gbọ́ èyí, ìdajì ilé ló rí.

Ìtàn tó gbẹ̀yìn ni ti ọdún 1948. Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà ìgbà náà, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tó yí Berlin ká, dí gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ àti ti omi tó wọ apá ìwọ̀-oòrùn Berlin, ojú sánmà nìkan ló kù. Amẹ́ríkà àti Britain bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó oúnjẹ àti èédú wọlé, Tempelhof sì wà lára ibi tí wọ́n ń bà sí. Kó tó di pé wọ́n ṣíwọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1949, ẹrù tó lé ní mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù ti wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ èédú. Gail Halvorsen, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ òfurufú náà, máa ń so súìtì mọ́ áńkáṣífù, á jù ú sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé tó dúró létí pápá. Ọmọ mi ní kí n tún ìyẹn sọ fún òun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún un sọ. Níwájú ilé náà ni ọ̀wọ̀n ìrántí wọn wà, ó tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ pín sí mẹ́ta fún ọ̀nà òfurufú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń gbà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà sí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Àjàní Arìnkiri:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ni ilé èrò tí TWA, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kan, kọ́ sí pápákọ̀ òfurufú JFK, ní New York. Eero Saarinen ló ya àwòrán rẹ̀. Ó kú ní 1961, ilé náà kò sì ṣí títí di 1962. Kò fojú rí i. Ìbátan mi tó ń kọ́ nípa àwòrán ilé yíyà ló mú mi kiri, ó sì ní kí n wá igun kan fún òun. Mo wá a títí, ara ilé náà kàn ń wọ́ lọ bí iyẹ́ ẹyẹ ni. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ̀ ńlá mẹ́rin péré ló gbé òrùlé dúró. Òpin 2001 ni iṣẹ́ bàálù parí níbẹ̀, ní 2019 ló sì di òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà róbótó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí, tí èrò ń gbà lọ wọ bàálù, ṣì wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọra ń gòkè lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀, ìgbà mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ba yín ní tiyín. Ní tèmi, ó ń ṣe mí bíi kí n fò ni.

Alhaja Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò sanwó ìrìn kankan o. Ìrìn Hájì ló gbé mi débẹ̀. Ní pápákọ̀ àwọn alálàájì ní Jẹ́dà, mo gbé ojú sókè, mo rí àgọ́ funfun lórí àgọ́ funfun, wọ́n tò lọ réré. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ògiri, oòrùn sì mú lóde, síbẹ̀ atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lábẹ́ ibẹ̀. Alfa tó ṣáájú wa ti débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló ṣàlàyé fún wa bí a ṣe ń dúró pé 210 ni àwọn àgọ́ náà, pé irin ńlá ló fi wáyà gbé wọn kọ́, àti pé ojú ihò tó wà lókè kọ̀ọ̀kan ni ooru ń gbà jáde. Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa kan tí wọ́n bí ní Dhaka, Fazlur Rahman Khan, wà nínú àwọn tó fi ọgbọ́n yẹn sí i. Jẹ́dà náà ló kú sí, ní 1982. Mo ṣàdúà fún un lórí ìjókòó. A dúró pẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, àárẹ̀ mú mi, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kí n kéré níbẹ̀. Àgọ́ ni, ìyá àti bàbá wa nínú ẹ̀sìn sì ti sùn sí àgọ́ rí.

Ọmọ Ayọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá mi lè rin ti Berlin yẹn? Orúnkún ń dùn wọ́n.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Alhaja, ẹ ṣeun gan-an. Àdúà yín á gbà.

Ọmọ Ayọ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, ó sì ga, a sì ń gòkè tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹ mú wọn lọ sórí pápá fúnra rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2010 ni wọ́n ti ṣí i fún gbogbo èèyàn, ọ̀fẹ́ ni. Ní 2014 ni àwọn ará Berlin dìbò pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé sí i. Ilẹ̀ tí bàálù ń sá lórí rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, èèyàn sì lè rìn ín jẹ́jẹ́. Ìgbà tí a jáde, ibẹ̀ la jókòó sí jẹun, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú ìlà funfun, ilé gígùn yẹn sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún ìyá, atẹ́gùn ibẹ̀ kò ní ohun tó ń dí i.