Ìró Màmá Lábẹ́ Kámẹ́rà Gámà

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mo jẹ́ ní Ìbàdàn nígbà tí iṣẹ́ ìṣègùn onítànṣán tí wọ́n ń pè ní nuclear medicine bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní ọdún 2006, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé onífísíìsì lè ní iṣẹ́ kankan í ṣe ní ilé ìwòsàn ju pé kó lọ gba oògùn ibà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Màmá kan wá ya àwòrán egungun. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn, àwọn dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà ti ràn dé egungun. A fún wọn ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, oògùn onítànṣán tí kámẹ́rà gámà máa ń rí láti ìta ara, tí a pò mọ́ èròjà tó ń gbé e lọ sí egungun, a ní kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn wákàtí 3. Oògùn yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín wákàtí 6, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Inú ohun èlò kan tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní màlúù la ti ń fún un bí ẹni ń fún wàrà, màlúù ọ̀hún pàápàá sì ń gbẹ, nítorí pé wákàtí 66 ni molybdenum-99 inú rẹ̀, tó ń di technetium, fi ń dín sí ìdajì. Bí bàlúù tó ń gbé màlúù náà bọ̀ bá pẹ́, tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì tún dí, ojú ọ̀nà ni wàrà ń gbẹ sí.

Nígbà tí àwòrán jáde, àmì dúdú kan wà ní ìbàdí òsì. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ti dé egungun.” Ṣùgbọ́n lójú tèmi, etí àmì náà yọ kọjá etí egungun díẹ̀. A ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Àmì náà dúró sí ìta awọ ara.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá wa pààrọ̀ ìró yín.”

Wọ́n wò mí títí. “Ọmọ mi, ṣé ìró mi ló ń ṣàìsàn ni?”

A tún àwòrán yà, ìbàdí mọ́. A wá tẹ́ ìró nìkan sábẹ́ kámẹ́rà, àmì náà sì wà níbẹ̀ gbọnyin. Ìtọ̀ ni oògùn tí egungun kò gbà máa ń bá jáde, ẹ̀kán kan ló ta sí aṣọ. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó tó ìyá mi. Nọ́ọ̀sì ló bá mi sọ ọ́ sí wọn létí.

Àpilẹ̀kọ tí mo kọ lórí bí a ṣe ń tún àwòrán ṣe ni ìgbìmọ̀ ìgbéga kà. Ìró yìí kò sí níbì kankan nínú ìwé mi, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì lọ́dọọdún.

Aṣọ ẹbí ni, nítorí náà màmá kò fẹ́ fi sílẹ̀. A tì í mọ́ yàrá ìpamọ́ fún ọjọ́ 3, tí agbára rẹ̀ fi dín sí ìdajì lẹ́ẹ̀mejìlá, tí ẹ̀rọ kò sì gbọ́ nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n padà wá gbà á. Wọ́n tú u, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní a kò tiẹ̀ bá àwọn fọ̀ ọ́.