"Ó dákẹ́", "ó kú" tàbí "ó yadi": kí la máa sọ nípa àpótí gìtá tí kò dún?

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́.

Arákùnrin tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí àfẹsẹ̀tẹ̀ kékeré kan tó ń yí ohùn gìtá padà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Fuzz Face. Ó ní iná pupa orí rẹ̀ ń tàn, àmọ́ bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, gìtá ò dún mọ́. Ó fẹ́ kọ ìlànà àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ olórin, ó wá bi wá pé kí lòun máa pe àìsàn ọ̀hún. Ẹnìkan ní kó kọ "ó dákẹ́", ẹlòmíì ní "ó kú".

Èmi ò fara mọ́ méjèèjì. Ohun tó ti dún rí ló ń dákẹ́. Àpótí tí kò tíì fọhùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é kò dákẹ́, kò dún ni. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Èyí tó dákẹ́, bóyá bátìrì ló tán tàbí wáyà kan ló já. Èyí tí kò dún rí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. "Ó kú" náà ní àyè tirẹ̀: ohun tí iná ò dé inú rẹ̀ rárá ló kú. Tí iná bá wà níbẹ̀ tí ohùn ò jáde, mo fara mọ́ "ó yadi", torí odi wà láàyè, ohùn nìkan ni kò ní. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra ṣá o: iná pupa yẹn ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà láti ẹnu bátìrì, nítorí náà títàn rẹ̀ ò fi hàn pé iná dé ọ̀dọ̀ transístọ̀ méjì tó wà nínú àpótí, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé ohùn gìtá ga. Mítà tó ń wọn fólítì ló máa sọ ìyẹn. Nínú Fuzz Face tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C lára transístọ̀ kejì máa ń ní nǹkan bíi fólítì 4.5, ìyẹn ìdajì fólítì 9 tó wà nínú bátìrì.

Lórí ọ̀nà tí ohùn ń gbà nígbà tí àpótí ò bá ṣiṣẹ́, tí gìtá kàn ń kọjá lọ sí ampilifáyà láìyí padà, mo rí i pé àwọn kan ti dá "ọ̀nà àfikọjá-ẹ̀gbẹ́" sílẹ̀. Kí ló dé? A ní "ẹ̀bùrú" láti ayébáyé. Ohùn ń gba ẹ̀bùrú, ó parí. Bí gìtá bá dún nínú ẹ̀bùrú, a ti mọ̀ pé wáyà gìtá àti ihò méjèèjì tí a ń ki wáyà bọ̀ kò ní àléébù tó pọ̀, inú lọ́hùn-ún ni ká lọ wá a.

Ọ̀rọ̀ "ilẹ̀", ìyẹn ojú kan náà tí iná gbogbo ẹ̀yà àpótí ń gbà padà sínú bátìrì, ló mú awuyewuye wá jù. Ẹnìkan ní kò bójú mu, torí wáyà kankan ò wọ inú erùpẹ̀. Ó ní "wáyà ìpadàbọ̀" ló péye. Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní ẹnu bátìrì tó ní àmì −. Ti ẹni kejì yìí lè ba nǹkan jẹ́. Fuzz Face àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Arbiter gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1966 lo transístọ̀ tí wọ́n fi jámáníọ́ọ̀mù ṣe, tó jẹ́ PNP (irú tí iná ń gba inú rẹ̀ lódìkejì sí irú kejì, NPN), ẹnu bátìrì tó ní àmì + ló sì jẹ́ ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ yẹn, tó sì ń ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀, òdìkejì ló máa so. Ní ti "ìpadàbọ̀", kò burú, àmọ́ "ilẹ̀" ń bí ọ̀rọ̀ ìṣe fún wa. Tí wáyà tó gbé ohùn bá fara kan ara àpótí onírin, kí la máa sọ? Ohùn ń wọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tó yẹ kó wá: ibi tí wáyà ti kan irin níbi tí kò yẹ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ó kan irinṣẹ́ tí a fi ń wá ibi tí ohùn ti ń sọnù nínú àpótí. Wáyà kan ni, tó so mọ́ ampilifáyà, tí kapásítọ̀ 0.1 µF (ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá, àmọ́ tó ń dí iná bátìrì) sì wà lẹ́nu rẹ̀ kí iná bátìrì má baà kọjá sínú ampilifáyà. A óò so ilẹ̀ àpótí àti ti ampilifáyà pọ̀, ẹnìkan á máa ta gìtá, a óò sì máa fi ẹnu wáyà yìí kan ojú kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ohùn ti wọlé títí dé ibi tó yẹ kó jáde. Ibi tí a ti gbọ́ ọ kẹ́yìn àti ibi tí a ò ti gbọ́ ọ mọ́, àárín wọn ni àléébù wà. Wọ́n ní ká pè é ní "ẹ̀rọ ìwádìí ohùn". Ó gbòòrò jù, gbogbo nǹkan ló lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Atọpa-ohùn" ni mo dá lábàá, torí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń tọ ipa ohùn láti ojú kan dé òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "jíjó tútù" fún ibi tí léèdì, ìyẹn irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, ò ti lẹ̀ mọ́ wáyà dáadáa. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? "Léèdì ò mú" ni kí ẹ kọ. Ojú ibẹ̀ á ṣókùnkùn, léèdì á ká jọ bí ẹyin, á sì máa mì tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Ní ti ẹsẹ̀ mẹ́ta transístọ̀, ẹ fi E, B àti C sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí orúkọ Yorùbá mẹ́ta tí wọ́n dá lábàá, wọ́n dùn létí, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọ̀nyẹn ló wà nínú ìwé tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ṣí wò, bí wọ́n sì ṣe tò kì í bára mu. Tí ojú pẹlẹbẹ transístọ̀ bá kọ sí wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti oríṣi transístọ̀ tí wọ́n ń pè ní 2N3904 jẹ́ E, B, C láti apá òsì. Ti oríṣi mìíràn, BC547, jẹ́ C, B, E. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìyí i padà, ibi tí yíyadi ti wá nìyẹn. Mo fẹ́ kí arákùnrin wa kọ́kọ́ yẹ èyí wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí bí mo ṣe máa yanjú: irú ohùn híha tí àpótí náà máa gbé jáde nígbà tó bá dún. Ẹnìkan ti ní "ìkùn". Ẹ jẹ́ ká fi "kùn" sílẹ̀ fún ariwo iná ìjọba tó máa ń wọnú ampilifáyà, torí òun la máa ń gbọ́ tí a bá fi ìka kan ẹnu atọpa-ohùn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn onígìtá tó wà láàárín wa, kí lẹ máa ń pe ohùn tó ha bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé?