Ẹ gbà mí o: sùpáfáísọ̀ mi ní n kò wọn nǹkan kan ní orí kẹta

Tèmi Yé Mi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ìwádìí mi ní saikọ́lọ́jì dá lórí ìdánìkanwà àti lílo fóònù láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí sùpáfáísọ̀ dá orí kẹta padà. Bírò pupa ló fi kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Kí lo wọ̀n gan-an?" Kò kọ nǹkan mìíràn. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni mo kọ lórí ìtumọ̀ ìdánìkanwà, oṣù méjì gbáko! Ẹnìkejì mi tí kò kọ tó ìdajì ẹ̀ ti gba ìbuwọ́lù. Ó dà bíi pé kò kàn fẹ́ràn mi ni. Ṣé kí n ní kí wọ́n fún mi ní sùpáfáísọ̀ mìíràn?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú tèmi náà rí i. Ìbẹ̀rù ìdánwò ni mo ní mò ń wọ̀n. Mò ń ka bí ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó wọlé. Àṣé àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi! Àtẹ̀gùn ni mo wọ̀n. Odindi sáà kan ló bá a lọ. Ní sùúrù.

Alákọ̀wé: Ojú ìwé mẹ́rìnlá, o ò sì sọ ohun tó o kà tàbí ohun tó o bi èèyàn. Ìdánìkanwà ò ṣeé fojú rí. Àfi kó o sọ pé: ohun báyìí ni mo rí, nọ́ńbà báyìí ni mo fún un. Kí lo fi wọ̀n ọ́n?

Sùúrù Lérè: Má pààrọ̀ sùpáfáísọ̀ o. Tèmi ò tiẹ̀ ka iṣẹ́ mi rárá.

Tèmi Yé Mi: Ẹ ṣé, mà. Alákọ̀wé, mo ní ohun tí mo fi wọ̀n ọ́n, ó sì dáa ju ìwé ìbéèrè lọ. Èèyàn lè purọ́, fóònù kì í purọ́. Mo ka iye èèyàn tó pè wọ́n láàárín ọjọ́ méje, ìyẹn ni mo pè ní ìpè. Ẹni tí ìpè rẹ̀ ò tó márùn-ún, mo kọ ọ́ sí ẹni tó dá wà.

Alákọ̀wé: Ibẹ̀ ló ti já. Perlman àti Peplau, àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ti ṣàlàyé ẹ̀ ní 1981: ìdánìkanwà ni àlàfo tó wà láàárín ìbáṣepọ̀ tí èèyàn fẹ́ àti èyí tó ní. Ìpè ò lè sọ ohun tí èèyàn fẹ́. Ọ̀rọ̀ wa fúnra ẹ̀ lè ṣini lọ́nà: ẹni tó jókòó lóun nìkan, a ní ó dá wà, ẹni tó wà láàárín èrò tí ọkàn ẹ̀ ò rí ẹnì kan fẹ̀yìn tì, a tún ní ó dá wà.

Onísirò: Lo òṣùwọ̀n UCLA, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìdánìkanwà. Ó ti wà láti 1978. Ti 1996 ni kó o mú. Ìbéèrè 20, ìdáhùn 1 sí 4, àròpọ̀ 20 sí 80. Mẹ́sàn-án nínú wọn dojú kọ ọ̀nà kejì o: ẹni tó bá mú 4 níbẹ̀ ni kò dá wà! Yí wọn padà kó o tó ro ó pọ̀, kí 4 di 1.

Sùúrù Lérè: Ogún ti pọ̀ jù. Oníbéèrè mẹ́ta wà, láti 2004.

Onísirò: Ìwádìí orí tẹlifóònù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ìyẹn. Ẹni tó ní akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ò nílò ìkánjú.

Sùúrù Lérè: Ta ló ń kánjú? Ìbéèrè tó rẹ èèyàn, ìdáhùn ẹ̀ ò ní dáa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sọ̀rọ̀.

Tèmi Yé Mi: N ò lè lo èyíkéyìí nínú ẹ̀. Mo ti gba dátà tán, èèyàn 186, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: "Báwo lo ṣe máa ń nímọ̀lára pé o dá wà tó?" 1 sí 5. Mo yọ ọ́ torí kò bá ìpè mu. Àwọn tí ìpè wọn pọ̀ ń mú 5. Mo rò pé wọn ò fọkàn sí i ni. Sùpáfáísọ̀ ò mọ̀.

Alákọ̀wé: Áà! O yọ ọ́? Ohun tí sùpáfáísọ̀ ń bi ọ́ gan-an nìyẹn! Tó bá jẹ́ pé ìdánìkanwà ni ìpè ń wọ̀n, ó yẹ kí méjèèjì jọ rìn. Wọn ò jọ rìn, o wá lé ẹlẹ́rìí jáde. Dá a padà, kó o sì sọ fún un pé o yọ ọ́. Kó o wá pe ìpè ní orúkọ ẹ̀: iye ẹni tó pè láàárín ọjọ́ méje.

Onísirò: Ta ló ní márùn-ún ni ààlà?

Tèmi Yé Mi: Èmi ni mo yan án.

Onísirò: Fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, má gé e sí méjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ò ní alpha Cronbach, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn ìbéèrè ṣe bára wọn mu tó. Kọ ìyẹn sí ara àbùkù iṣẹ́ náà.

Tèmi Yé Mi: Mo ti ṣí fáìlì. Mi ò pa òpó ìdáhùn ìbéèrè yẹn rẹ́, mo kàn fi pamọ́ ni. Ẹni kẹtàdínlógún: ìpè 31, ìdáhùn 5. Mo rántí ẹ̀. Fóònù ń dún lórí tábìlì bó ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, ó dojú ẹ̀ bolẹ̀, kò gbé e.