Prójẹ́ẹ̀tì mi lórí àwọn mai ruwa Kubwa: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di iṣẹ́ tí jọ́nà ètò ìlú yóò gbà?

ỌmọKúbwà:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ni, kọ́pà ni mí báyìí ní Abuja. Prójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí àwọn mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń fi ọmọlàǹkẹ́ ta omi, ní Kubwa àti Dutse: iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì omi, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, àti ìdí tí omi ẹ̀rọ kò fi dé ọ̀pọ̀ ilé. Ojú ìwé 84 ni, ilé 120 ló sì dáhùn ìwé ìbéèrè. Mo rí jọ́nà ètò ìlú (ìyẹn public policy, ọ̀rọ̀ ìpinnu ìjọba) kan lókè òkun tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń darí rẹ̀, mo sì rí ọ̀kan nílé níbí. Àwọn méjèèjì ń gba ìwádìí, wọ́n sì ń gba àròkọ. Èwo ni kí n kọ? Ṣé mo lè gé orí kan nínú prójẹ́ẹ̀tì náà kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ̀gbọ́nGwarinpa:
Àbúrò, má gé orí kankan. Orí kejì, ibi tí iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú wà, ni àwọn èèyàn sábà máa ń gé nítorí òun ló gùn jù, òun gan-an sì ni olóòtú kì í fẹ́ fojú rí. À ń kọ prójẹ́ẹ̀tì kí olùkọ́ lè mọ̀ pé a kàwé. Ẹni tó bá ṣí jọ́nà ètò ìlú kò wá ìyẹn wá. Ó fẹ́ mọ ìpinnu tó wà nílẹ̀, ẹni tí ìpinnu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹ̀rí tí o ní.

Orí kẹrin, ibi tí èsì wà, ni kí o ṣí. Wo àwọn àtẹ inú rẹ̀, kí o mú ẹyọ kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fa òun ya, ọ̀rọ̀ rẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Bí àkòrí rẹ ṣe rí, ó yẹ kó jẹ́ èyí tó fi owó tí ilé ń san fún mai ruwa wé owó omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lo kà, mọ̀ pé kúbíkì mítà ni mítà omi fi ń ka tirẹ̀, ìyẹn lítà 1,000. Kẹ́ẹ̀gì 40 ló pé kúbíkì mítà kan. Fi 40 sọ owó kẹ́ẹ̀gì di púpọ̀ kí o tó gbé méjèèjì síra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ omi yóò ti ojú ìwé kejì pa á dé. Kọ oṣù àti ọdún tí o gba iye náà sí abẹ́ àtẹ. Owó omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe owó ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni iye tí a gbà kí owó ìrànwọ́ epo tó lọ ní May 2023 kò ṣeé pa pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi ọ̀pọ̀ bọ́họ̀ọ̀lù.

Àtẹ yẹn ni kí o kọ iṣẹ́ náà yí ká. Ohun tó fi hàn ni kó wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Má ṣe fi í pamọ́ dé ìparí. Bí ààyè bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 5,000, iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú kò gbọdọ̀ gba ju 600 lọ. Ìtumọ̀ “omi” àti “ètò ìlú” láti inú dikiṣọ́nárì, yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àwọn àtẹ ọjọ́ orí, ẹ̀sìn àti ipò ìgbéyàwó àwọn tó dáhùn, gbólóhùn méjì ti tó wọn.

Èwo ni kí o kọ? Ìyẹn wà lọ́wọ́ bí o ṣe yan ilé 120 náà. Bí o bá ní ìlànà, bóyá o kà á ní ilé karùn-ún karùn-ún ní òpópónà tí o ti yàn ṣáájú, kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwádìí. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà nílé tó sì ṣílẹ̀kùn ni o bi, kò burú, àmọ́ má kọ ọ́ pé “àwọn ará Abuja” ló sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, irú iyẹn dára jù gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìmọ̀ràn fún aláṣẹ, tó sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 1,500 sí 2,500. Àròkọ èrò kúrú ju ìyẹn lọ, 800 sí 1,200 ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ń gbà. Iye yìí ń yàtọ̀ láti jọ́nà dé jọ́nà, nítorí náà ka ìlànà tiwọn, kí o sì wò ó bóyá wọ́n ka ìwé ìtọ́kasí mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà: pe Dutse ní Dutse Alhaji. Ẹni tó bá kà á lókè òkun yóò wá Dutse lórí máàpù, olú ìlú Jigawa ni yóò sì já sí.

Lọ́yàKwara:
Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ní Abuja ni ìmọ̀ràn tó wà ní orí karùn-ún. “Kí ìjọba pèsè omi tó mọ́.” Ìjọba wo? Mélòó mélòó ni iṣẹ́ tó kọ “kí gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin” sórí Abuja! A kò ní gómìnà níbí, a kò sì ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìwé òfin 1999, láti abala 299 dé 302, gbé agbára náà fún Ààrẹ àti mínísítà tó bá yàn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló sì ń ṣòfin fún Abuja.

Pín ìmọ̀ràn rẹ sí ọ̀nà tí agbára gbà. Ọ̀rọ̀ páìpù àti owó omi ẹ̀rọ, FCT Water Board, àjọ omi Abuja, ló ni ín. Lower Usuma Dam tí omi náà ti ń wá wà ní Bwari níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọlàǹkẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àfikún kẹrin ìwé òfin náà fi ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, bárò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kò ní ẹ́ńjìnnì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, abala 318 sì ka àwọn Area Council mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Abuja mọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kubwa àti Dutse Alhaji, Bwari ni wọ́n wà. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí wọ́n forúkọ àwọn mai ruwa sílẹ̀, Bwari Area Council ni kí o dárúkọ, kì í ṣe mínísítà. Olóòtú tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè má mọ èyí, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún láti yẹ̀ ẹ́ wò yóò mọ̀ ọ́n.

Bí o kò bá ní iye owó omi ẹ̀rọ tàbí iye ilé tó ní mítà ní Kubwa, kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin Freedom of Information ti 2011. O kò ní láti ṣàlàyé ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni o ní láti lọ sílé ẹjọ́. Béèrè ohun kan pàtó: “iye mítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa ní December 2024” dára ju “gbogbo ìsọfúnni lórí omi” lọ. Gba kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ nígbà tí o bá mú un lọ, torí láìsí òǹtẹ̀ kò sí ẹ̀rí ìgbà tí kíka ọjọ́ 7 náà bẹ̀rẹ̀.

Ìsọfúnni tó gbòòrò wà lọ́wọ́ NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, pàápàá ìwádìí WASHNORM ti 2021 lórí omi àti ìmọ́tótó. Bí o bá lo iye èèyàn, rántí pé ètò ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Iye yòówù tó bá tuntun ju ìyẹn lọ, ìṣirò ni, kí o sì pè é bẹ́ẹ̀.

ÌyáOlóòtú:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó kù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó dára ti máa ń padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á.

Lákọ̀ọ́kọ́, ta ni wọ́n ń gbà? Àwọn jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ yunifásítì tiwọn nìkan ni. Òmíràn ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ibikíbi, àmọ́ kọ́pà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ lójú wọn. Kọ ímeèlì onílà méjì béèrè kí o tó kọ ohunkóhun.

Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Rárá fún ìwádìí. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gba kọ́bọ̀, bí o bá sì fà á yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán, wọn kò ní gbàgbé orúkọ rẹ bọ̀rọ̀. Àròkọ èrò nìkan ni àwọn kan ń gbà bẹ́ẹ̀, bí o bá ti sọ fún wọn.

Fáìlì méjì ni wàá fi ránṣẹ́. Ọ̀kan ní orúkọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ọpẹ́. Èkejì kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun tó tọ́ka sí ọ, torí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Pípa orúkọ rẹ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ kò tó. Nínú Word, lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document, kí o yọ orúkọ tó fara pamọ́ sínú fáìlì. Wo orúkọ fáìlì náà pẹ̀lú. Gbólóhùn bíi “nínú prójẹ́ẹ̀tì mi ní yunifásítì báyìí báyìí” ń tú àṣírí.

Àtẹ tí o ya fọ́tò rẹ̀ láti inú PDF kò ṣeé tún ṣe. Kọ ọ́ sínú Word fúnra rẹ̀, kí o sì fi fáìlì Excel àwòrán ìṣirò kún un bí wọ́n bá béèrè. Àwọn ojú ewé ìjọba máa ń pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tí o tọ́ka sí pamọ́ sí Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì sí, lọ́jọ́ tí o kà á, kí o sì lo ìtọ́ka yẹn.

Àṣàmọ̀ (abstract): ọ̀rọ̀ 150. Ìbéèrè, ọ̀nà, èsì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ìmọ̀ràn. “A rí àwọn àbájáde pàtàkì” kì í ṣe èsì.

Nínú lẹ́tà, sọ pé iṣẹ́ náà jáde láti inú prójẹ́ẹ̀tì B.Sc. Bí yunifásítì rẹ bá ti gbé prójẹ́ẹ̀tì náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá iṣẹ́ tí a dà kọ, yóò bá a, yóò sì dà bíi pé o jí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí o bá ti sọ ọ́ ṣáájú, ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀.

Àwọn mai ruwa ńkọ́? Má fi fọ́tò ojú wọn sí i, má sì kọ orúkọ tàbí ìsọ̀ wọn. Púpọ̀ wọn kò ní ìwé àṣẹ kankan, ohun tí wọ́n sọ fún ọ lè di ẹ̀rí lòdì sí wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ọmọlàǹkẹ́ ní títì.

ỌmọKúbwà:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 wà nínú tèmi pẹ̀lú, mo sì pa á pọ̀ mọ́ ti 25. Ìbéèrè méjì ló kù: jọ́nà tó wà nílé ní kí n san owó kí wọ́n tó kà á. Súpáfáísọ̀ mi náà sì ń béèrè bóyá orúkọ òun yóò wà níbẹ̀.

ÌyáOlóòtú:
Ya kẹ́ẹ̀gì sọ́tọ̀: 50 ni ti lítà 20 tó pé kúbíkì mítà, ogójì ni ti 25. Bí ìwé ìbéèrè kò bá sọ èyí tó jẹ́, yọ ilé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àtẹ náà, kí o sì kọ iye tí o yọ.

Owó kí wọ́n tó kà á? Sá fún un. Ọ̀pọ̀ jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba owó rárá. Wo ISSN rẹ̀, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ tí a fi ń dá jọ́nà mọ̀. Fún jọ́nà tó ń jáde ní Nàìjíríà, National Library of Nigeria ló ń fúnni. Wo ọdún tí ẹ̀dà tó kẹ́yìn jáde pẹ̀lú. Jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sùn nígbà tí àwọn olóòtú bá gboyè tí wọ́n lọ sìnlú.

Ẹ̀gbọ́nGwarinpa:
Ti súpáfáísọ̀: bí ó bá bá ọ gbé ìwé ìbéèrè kalẹ̀, tàbí ó bá ọ tún iṣẹ́ yìí kọ, orúkọ rẹ̀ yẹ níbẹ̀, tìrẹ ni yóò sì ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé ó buwọ́ lu prójẹ́ẹ̀tì nìkan ni, ibi ọpẹ́ ni tirẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún un kí o tó fi ránṣẹ́, kí ó sì dáhùn lórí ímeèlì. Kí o tó fi ránṣẹ́, wò ó bóyá jọ́nà náà ń gba olùkọ́ mọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Àwọn kan kì í gbà.