Orúkọ ẹgbẹ́ wa di jágbajàgba nínú Excel, ẹ gbà mí o

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa fi orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ká fi tẹ ìwé Ojúde Ọba. Bí mo ṣe ṣí i nínú Excel, "Ìjẹ̀bú" ti di "ÃŒjáº¹Ì€bÃº". Jímọ̀ ni atẹ̀wé fẹ́ gbà á. Ṣé kí n jókòó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ni?

Bọ̀dá Ìperu, Houston:
Àǹtí wa, ẹ má tẹ nǹkan kan o. Fáìlì yẹn ò bàjẹ́, Excel ló kà á sódì. Báìtì mẹ́ta (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tó tọ́jú) ni UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi tọ́jú fáìlì yẹn, fi ń tọ́jú lẹ́tà "ẹ", àmì ohùn orí rẹ̀ tún gba méjì. Excel wá ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà òyìnbó kan. € tó yọjú láàárín orúkọ ìlú wa yẹn, ìdajì àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni. (Àwọn tó ní owó nìkan ni Ìjẹ̀bú mọ̀, ẹ̀rí yín ti dé.)

Ẹ pa á dé, ẹ má tẹ Save rárá. Ẹ ṣí Excel òfìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ From Text/CSV. Níbi File Origin, ẹ mú 65001, èyí tó ní UTF-8 lára.

Ọmọ Ṣágámù, Dublin:
Ó ku atẹ̀wé o! Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní lẹ́tà "ẹ", "ọ" àti "ṣ", àmọ́ kò ní "ẹ̀" tàbí "ọ́" ní ẹyọ kan. Àmì ohùn ń dá wá ni, fọ́ǹtì ló máa gbé e lé orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì ológe tí wọ́n fẹ́ràn yẹn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí. Ẹ ní kí wọ́n lo Gentium tàbí Noto Serif. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ÌKỌ́KỌRẸ́ ní lẹ́tà ńlá sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Ìyá Ìbejì, Toronto:
Tó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, ẹ ṣọ́ owó yín. Lẹ́tà 160 ló ń wọ ẹyọ kan. Ẹ fi ọ kan ṣoṣo sí i, ó di 70. Àwọn bàbá wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń lo fóònù olótọ́ọ̀ṣì, mo máa ń yọ àmì kúrò fún wọn. Ó yé wọn.

Àǹtí Peckham:
Ó ti ṣí! Orúkọ pé pérépéré, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń gba owó ẹgbẹ́ ka Adébọ̀wálé kan sí méjì. Ó ní ọ̀kan ti san, ìkejì jẹ gbèsè. Bákan náà sì ni wọ́n rí.

Bọ̀dá Ìperu, Houston:
Lójú tiyín ni. Ẹnì kan tẹ ọ, ó gbé àmì lé e lórí. Ẹlòmíì tẹ ò, ó wá fi àmì sí i nídìí. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ọ̀kan ni. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ètò náà kó yí gbogbo orúkọ sí NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ irú lẹ́tà méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, kó tó máa fi wọ́n wéra. Tí kò bá yé e, ẹ ní kó pè mí. Ẹ má tíì bi Adébọ̀wálé léèrè owó o.