Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ gbafẹ́ ní Cefalù, ní Sicily, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Àdùkẹ́ Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lọ simi díẹ̀ ní Cefalù, ìlú kékeré kan létí òkun Mẹditaréníà, ní Sicily, lápá Ítálì. Ìparí oṣù kẹsàn-án la fojú sùn nítorí wọ́n ní oòrùn á ti rọlẹ̀ nígbà yẹn, omi á sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń polówó o. Ṣé wọ́n máa ń wo èèyàn dúdú bí ẹni ń wòran? Ṣé oúnjẹ wọn ṣeé jẹ? Ọkọ mi ti ní òun ò ní jẹ ẹja tí wọn ò sè jinná.

Ṣọlá Arìnrìnàjò
Ìlú tó dáa gan-an ni. Ẹ má wulẹ̀ háyà mọ́tò, títì inú ìlú wọn há, ibi tí wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ̀ sì pọ̀, kámẹ́rà ló ń mú èèyàn, ìwé owó ìtanràn á wá bá yín ní Leeds nígbà tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ẹ lọ síbì kankan. Ẹ wọ bàálù dé Palermo, olú ìlú Sicily, ọkọ̀ ojú irin wà nínú ẹ́pọ́ọ̀tù tó máa gbé yín dé Palermo Centrale, ibẹ̀ lẹ ti máa wọ èyí tó ń lọ sí Cefalù, bíi wákàtí kan ni, ẹ jókòó sápá òsì kẹ́ ẹ lè máa wo òkun lọ. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà, ẹ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de ọkọ̀ kó lù ú ní òǹtẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa sanwó ìtanràn. Etíkun wọn, iyanrìn ni, kì í ṣe òkúta bíi ti Nice nílẹ̀ Faransé.

Kọ́lá Mọ́kọ́lá
Nice ò ní iyanrìn kẹ̀?

Ṣọlá Arìnrìnàjò
Òkúta róbótó róbótó ni, bàbá. Bàtà ni wọ́n ń wọ̀ wọnú omi níbẹ̀.

Kọ́lá Mọ́kọ́lá
Wọ́n wá ń gbowó gegere lọ́wọ́ èèyàn lórí òkúta!

Ìyá Ìbejì
Àdùkẹ́ ọmọ mi, kú ìmúra ìrìnàjò, ẹ máa lọ re ẹ máa bọ̀ re. Ọmọ mi obìnrin ló mú èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ òkun Èkó, ìyẹn Bar Beach àtijọ́ kó tó di pé wọ́n da iyanrìn dí i tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí i, á mọ̀ pé òkun kì í ṣe ohun àfiṣeré, ìgbì á wá á gbá èèyàn lẹ́sẹ̀, kó o tó pariwo ó ti gbé ẹ lọ, torí náà àyà mi já nígbà táwọn ọmọ ń sáré lọ síbi omi. Àfi bí mo ṣe rí i pé tibẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, omi náà jẹ́jẹ́ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ kún kì í fi bẹ́ẹ̀ fà, èèyàn á rìn lọ jìnnà kó tó kàn án ní àyà, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti òkun tiwa lọ, ó máa ń gbé ara sókè. Kìkì pé tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kẹ́ ẹ wo àsíá tí wọ́n ta, tó bá pupa kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́. Apá ibì kan wà tí wọ́n to àga àti agboòrùn sí, owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, apá ibòmíì sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ṣáà tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ má gbàgbé ibi ìfọṣọ àtijọ́ tó wà nínú ìlú, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, omi tútù ń tú jáde lẹ́nu àwọn orí kìnnìún, àwọn obìnrin wọn ti fọṣọ níbẹ̀ láyé àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn lọ nítorí èmi náà fọṣọ lódò ní Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà lómidan. Ní ti oúnjẹ, ẹ wá panelle lọ, ìyẹ̀fun ẹ̀wà kan ni wọ́n ń rò lórí iná, tó bá dì wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á dín in, wọ́n á kì í sáàárín búrẹ́dì, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ẹ ò rí i, búrẹ́dì àti àkàrà nìyẹn! Wọ́n wò wá díẹ̀, wọ́n kí wa, ó parí síbẹ̀.

Arẹwà Abẹ́òkúta
Mọ̀mí, búrẹ́dì àti àkàrà ní Ítálì! Ẹ ti rí mi rà o.

Akin Bologna
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, inú mi sì dùn sí i, mi ò fẹ́ ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n ìrírí ni ìyáàfin béèrè, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní ká lọ sí Cefalù, gbogbo wọn bọ́ sómi, èmi jókòó sórí iyanrìn tòun ti ṣòkòtò, mi ò lè wọ̀ ọ́. Omi náà mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀ nísàlẹ̀. Omi yẹn náà ni àbúrò mi gbà kọjá láti Sabratha ní Líbíà lọ́dún 2016, ọkọ̀ rọ́bà ni, wọ́n há mọ́ra débi pé itan ẹnì kan wà lórí itan ẹlòmíì, pẹtiróòlù ń jò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó pò mọ́ omi iyọ̀, ó ń bó àwọn tó jókòó sísàlẹ̀ lára, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nísàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ gbéra ló gúnlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan ló kó àwọn tó kù, Palermo ni wọ́n já wọn sí, ẹ̀bá Cefalù níbẹ̀. Kó tó di pé ó rí fóònù pe ilé, ìyá wa ò mọ̀ bóyá ó kú bóyá ó yè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí pé kí n wá, omi dáa, omi dáa, ẹnu mi ò lè ṣàlàyé fún wọn.

Arẹwà Abẹ́òkúta
Ha. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire àbúrò yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìkàrẹ́
Ó ká mi lára o, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ṣé nítorí pé èèyàn kú sómi, a ò wá ní wẹ̀ mọ́? Títì Èkó sí Ìbàdàn ti pa èèyàn lọ bíi rẹ́rẹ, ṣé a ò gbà á mọ́ ni?

Akin Bologna
Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀. Mo ní èmi ò lè wẹ̀.

Ṣọlá Arìnrìnàjò
Ọmọ Ìkàrẹ́, méjèèjì ò rí bákan náà. Títì, èèyàn gbà á nítorí ibi tó ń lọ. Hólídè, ìgbádùn lèèyàn wá ṣe. Ní October 3, 2013, ọkọ̀ kan rì sẹ́bàá Lampedusa, erékùṣù Ítálì kan, òkú tí wọ́n yọ lé ní 360, wọ́n ti ń rí ilẹ̀ o, ìtòsí ni wọ́n wà. Lọ́dún 2017 ní Salerno, ìlú Ítálì kan lókè lọ́hùn-ún, òkú àwọn ọmọbìnrin 26 ni wọ́n sin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n fi òdòdó sórí pósí wọn, kò sí bàbá kò sí ìyá níbẹ̀. Tí ọkùnrin kan bá wá ní òun ò lè wẹ̀ nínú omi yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ọmọ Ìkàrẹ́
Mi ò di ọrùn ẹnikẹ́ni mú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyáàfin fẹ́ lọ simi, ẹ ti sọ ọ́ di ilé ọ̀fọ̀.

Bàbá Àgbádárìgì
Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i díẹ̀. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí. Ẹ̀bá ilé wa ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun láyé òwò ẹrú, ojú ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n gbà lọ ṣì wà ńbẹ̀, àlejò ń wá wò ó. Lọ́jọ́ ọdún, etí òkun yẹn kan náà làwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jẹ súyà. Bàbá mi kì í débẹ̀ láéláé, ó ní àwọn ìyá òun ń bẹ níbẹ̀. Èmi máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a jọ ń gbénú ilé kan náà, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà. Akin, má wẹ̀. Àdùkẹ́, lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ ibi tó o wà.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ àgbà rèé. Akin ọmọ mi, àbúrò rẹ ńkọ́, níbo ló wà báyìí?

Akin Bologna
Palermo ló jókòó sí, mà. Ilé ìdáná kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti níyàwó, Ọlọ́run ti fọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé òun gan-an máa ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Mondello, etíkun àwọn ará Palermo, tó bá ti di ọjọ́ Sunday ìgbà ooru. Òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ wọn lówẹ̀ẹ́. Mo bi í pé báwo lo ṣe ń ṣe é, ó ní nínú ọkọ̀ táwọn wà yẹn, àwọn tó mọ̀wẹ̀ ò tó nǹkan, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ló kọ́kọ́ lọ, pé ọmọ òun kankan ò ní dàgbà láìmọ omi í wẹ̀. Mi ò rí èsì fún un.

Arẹwà Abẹ́òkúta
Omi ń bọ́ lójú mi níbi iṣẹ́ báyìí o.

Ọmọ Ìkàrẹ́
Ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Arẹwà Abẹ́òkúta
Kì í ṣe ohun tó ò ń sọ nìyẹn jàre!

Ọmọ Ayétòrò
Ẹ dákẹ́ ná, kí ló dé tí Yorùbá fi gbà pé omi wíwẹ̀ kì í ṣe tiwa? Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọdé tiwa ń tukọ̀ lọ ilé ìwé. Òkun ti gbé ilé bàbá mi ní Ayétòrò lọ, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, itẹ́ òkú, ó ń gbé ìlú náà díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ a ò bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀yin ará òkè lẹ ò kọ́ ọmọ yín lówẹ̀ẹ́.

Kọ́lá Mọ́kọ́lá
Ibo la ti fẹ́ kọ́ ọ ní Ìbàdàn, inú Ògùnpa?

Ọmọ Ayétòrò
Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ Olókun
Àdùkẹ́, kó o tó tẹsẹ̀ bọ omi, kí Olókun. Omi tútù lásán àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Gbogbo òkun, ọ̀kan náà ni, òkun Atlantic ló ń gba ojú omi tóóró Gibraltar wọlé síbẹ̀.

Díkínnì Croydon
Ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ wọnú ìbọ̀rìṣà. Àdúrà ni kó gbà.

Ẹgbẹ́ Olókun
Kí ni mo pe ọ̀rọ̀ ẹnu, díkínnì, tí kì í bá ṣe àdúrà?

Délé Salvador
Ẹ má jà. Ẹ tún jẹ́ n sọ èyí tó kan àwa tá a wà ní Brazil. Ẹ bá wa dé Palermo. Ẹni mímọ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ èèyàn dúdú, San Benedetto il Moro, San Fratello ni wọ́n bí i sí, ìlú orí òkè kan ní Sicily yẹn náà, ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà làwọn òbí rẹ̀. Kúùkù ni ní ilé àwọn friar, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run, ní Santa Maria di Gesù, kò kàwé, síbẹ̀ wọ́n fi ṣe olórí ilé náà. Ó kú lọ́dún 1589, lọ́dún 1807 ni Póòpù sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Palermo kà á mọ́ àwọn alábòójútó ìlú wọn, àwa níbí ń pè é ní São Benedito, àwọn èèyàn dúdú Brazil ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ láti ayé ẹrú. Lọ́dún 2023 iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì ibi tí òkú rẹ̀ wà, ó dùn wá dé Salvador.

Díkínnì Croydon
Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí mi. Kúùkù! Ọlọ́run tóbi.

Ṣọlá Arìnrìnàjò
Tẹ́ ẹ bá dé Palermo, ẹ ya ọjà Ballarò. Àwọn ará wa wà níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ èdè Edo àti Pidgin, ẹ máa rí iṣu, epo pupa, ata. Ṣọ́ọ̀ṣì Cefalù tí Ìyá Ìbejì fojú pa rẹ́ yẹn náà, ẹ wọ̀ ọ́ o, Roger Kejì, ọba Sicily, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́dún 1131, àwòrán Jésù tí wọ́n fi ègé dígí àti wúrà tò sókè yẹn, ojú ẹ̀ ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri. Ẹ bo èjìká yín.

Ìyá Ìbejì
Mi ò fojú pa á rẹ́, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn.

Wándé Físà
Ṣé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni tàbí ti UK? Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ tètè wá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ síwájú àwọn tó ń gba ìwé, 90 yúróò ni owó físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún Ítálì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, láti June 2024. Ìyọ̀ǹda ìgbélùú UK ò gbé èèyàn wọ Ítálì.

Àdùkẹ́ Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ti UK ni tèmi, ti Nàìjíríà ni ti ọkọ mi, a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ka ti bọ̀dá Akin sókè fún un, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní òun ò mọ̀wẹ̀, pé òun máa forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà lówẹ̀ẹ́ ládùúgbò wa ká tó lọ. Bọ̀dá Akin, tẹ́ ò bá bínú, a máa fẹ́ jẹun nílé oúnjẹ tí àbúrò yín ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ó tún kù, òkè gíga tó wà lẹ́yìn ìlú yẹn, ṣé ẹni ogójì ọdún lè gùn ún? Ṣé a lè di gaàrí àti kílíṣí dání?

Ṣọlá Arìnrìnàjò
La Rocca nìyẹn, bíi mítà 270, ẹ gùn ún láàárọ̀ kùtù, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbé omi. Gaàrí ò burú. Kílíṣí, ẹ fi sílé, wọn kì í jẹ́ kéèyàn kó ẹran tàbí wàrà wọ ilẹ̀ Yúróòpù láti UK mọ́.

Kọ́lá Mọ́kọ́lá
Kílíṣí kì í ṣe ẹran mọ́, ó ti gbẹ.

Wándé Físà
Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.

Akin Bologna
Àdùkẹ́, mo ti fi ránṣẹ́. Mo pè é, ó ní kẹ́ ẹ má sanwó.